Kẹ́ ẹ tó tún ilé ṣe tòun tọmọ kéékèèké: ìnáwó tí káfíńtà kì í kọ sínú ìwé

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán látorí àjà sórí ibùsùn àwọn ọmọ, kò sí àlàyé tí baálé ilé lè ṣe mọ́. Wọ́n á ránṣẹ́ pe káfíńtà, káfíńtà á gun orí òrùlé, á sọ̀ kalẹ̀, á gbọn ọwọ́, á ní, “Bàbá, igi ti jẹrà, ikán ti jẹ ẹ́.” Lẹ́yìn náà ni yóò mú bébà, tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò: páànù báyìí, pákó báyìí, ìṣó, owó iṣẹ́. Ẹni tó nilé á wo ìsàlẹ̀ ìwé náà, á rí àròpọ̀, á mí kanlẹ̀, á sì lọ wá owó.

Ohun tá a fẹ́ẹ́ sọ lónìí ni pé àròpọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ìwé yẹn kọ́ ni iye tí iṣẹ́ náà máa gbà lọ́wọ́ yín, pàápàá tẹ́ ẹ bá jẹ́ oníṣòwò kékeré tó ń tajà níwájú ilé tó ń gbé, tọ́mọ ọdún méjì, ọdún mẹ́rin sì ń sáré kiri nínú ọgbà. Ìnáwó mìíràn wà tẹ́nikẹ́ni kì í kọ sílẹ̀: ọjọ́ tí ṣọ́ọ̀bù fi wà ní títì, oúnjẹ tẹ́ ẹ rà jẹ nítorí pé wọ́n ti wó ilé ìdáná, owó ọkọ̀ tó gbé àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà, oògùn ikọ́, àti, kí Ọlọ́run má jẹ́ ẹ, owó ọsibítù ọmọ tó tẹ ìṣó. Àwọn ìnáwó wọ̀nyí ló máa ń gbé owó ọjà lọ. Ẹ ó rí i pé ilé á ti dára, ọ̀dà á máa dán, ṣùgbọ́n nígbà tí oníbàárà bá wọ ṣọ́ọ̀bù, kò ní í rí nǹkan kan rà.

Ká má lọ jìnnà, ẹ jẹ́ ká wo agbègbè wa. Ní Ìjẹ̀bú-Igbó, yálà Òkè-Àgbò lẹ wà ni o tàbí Àtìkòrí, ọ̀pọ̀ ilé tó wà lẹ́bàá títì ló jẹ́ pé ṣọ́ọ̀bù ló wà níwájú, tí yàrá wà lẹ́yìn. Télọ̀ ń rán aṣọ níbẹ̀, ọmọ ẹ̀ ń sùn lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì. Ní Àgọ́-Ìwòyè, ilé gan-an ni ọjà. Láti 1982 tí wọ́n ti dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ síbẹ̀, èyí tí wọ́n yí orúkọ ẹ̀ padà sí Olabisi Onabanjo University ní 2001, ni àwọn onílé ti ń gba akẹ́kọ̀ọ́ sílé, tí wọ́n ń sọ yàrá tàwọn fúnra wọn ń gbé di èyí tí wọ́n lè gbowó lé. Tẹ́ ẹ bá sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ogun Waterside, láti Abigi títí dé Iwopin àti Mákùn-Omi, obìnrin tó ń yan ẹja lẹ́yìnkùlé, ibi ìdáná ẹ̀ ni ilé iṣẹ́ ẹ̀. Ọjọ́ tí bíríkìlà bá wó ibi ìdáná yẹn, ó ti ti ilé iṣẹ́ pa nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ẹja kì í dúró de bíríkìlà.

Ẹ jẹ́ ká fi owó ṣàlàyé ẹ̀, kó lè yé wa yékéyéké. Ká ní ìyá kan ń ta ìpápánu, ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti omi tútù níwájú ilé ẹ̀. Ọjà inú ṣọ́ọ̀bù náà tó ₦400,000, èrè tó ń rí lójúmọ́ jẹ́ ₦5,000, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀ ló sì fi ń tà. ₦30,000 nìyẹn lọ́sẹ̀ kan. Káfíńtà ní ọ̀sẹ̀ méjì lòun máa fi tún òrùlé ṣe. Ẹni tó bá ti tún ilé ṣe rí mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe máa ń rí: òjò rọ̀, káfíńtà lọ sóde òkú, pákó ò tó, ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ ń ṣàìsàn. Nígbà tí wọ́n fi máa parí, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ti lọ. Tí ṣọ́ọ̀bù bá wà ní títì ní gbogbo àsìkò yẹn, ₦150,000 ti lọ níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó jí i, kò sẹ́ni tó yá a, kò sì sí nínú ìwé káfíńtà.

Ìyẹn tiẹ̀ kéré. Ohun tó máa ń pa òwò gan-an ni kéèyàn tọwọ́ bọ inú owó ọjà. Ká ní ìyá yìí tún yọ ₦150,000 nínú owó ọjà láti fi ra páànù, ọjà ₦250,000 péré ló máa kù sí ṣọ́ọ̀bù. Tó bá jẹ́ pé bí ọjà ṣe pọ̀ tó lèrè ṣe ń pọ̀ tó, èrè ojúmọ́ ẹ̀ ò ní í ju ₦3,125 lọ mọ́. ₦1,875 ló ń já sílẹ̀ lójúmọ́ kan, ₦11,250 lọ́sẹ̀. Tó bá fi ogún ọ̀sẹ̀ dúró bẹ́ẹ̀ kó tó rówó dá padà síbẹ̀, ₦225,000 ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ nítorí ₦150,000. Ẹlòmíì tó lọ yá owó èlé lè má san èlé tó bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, gbogbo ọjà kọ́ ló rí báyìí. Ẹni tí ọjà tí kì í yá kún inú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ lè yọ díẹ̀ níbẹ̀ kó má mọ̀ ọ́n lára. Àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa la kì í ṣírò ẹ̀ rárá, a kàn ń mú un ni.

Nítorí náà, kí owó ilé wà lọ́tọ̀, kí owó ọjà wà lọ́tọ̀. Inú èrè ni kẹ́ ẹ ti máa yọ owó ilé díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi síbi tọ́wọ́ ò ti ní í tètè tó o. Tẹ́ ẹ bá wà nínú èésú, kẹ́ ẹ bẹ olórí èésú látìbẹ̀rẹ̀ ọdún pé kó jẹ́ kó kàn yín ní oṣù tẹ́ ẹ fẹ́ẹ́ ṣiṣẹ́, ẹ má dúró dìgbà tí òrùlé bá ti ṣí. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù náà mọ̀ pé ìwọ̀n owó tí èèyàn ní nílẹ̀ ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó yá a lówó, àwọn míì sì wà lórí ìlà níwájú yín. Ẹni tó bá kọ̀wé béèrè lọ́jọ́ tí omi ń kán sílé, omi náà á kán dáadáa kí owó tó jáde.

Ṣọ́ọ̀bù ńkọ́? Ẹ má tì í tán. Ẹ lọ bá ará ìdúkùú yín, kẹ́ ẹ gbàyè tábìlì kan níwájú ilé ẹ̀. Ká ní wọ́n gba ₦1,000 lọ́wọ́ yín lójúmọ́, fún ọgbọ̀n ọjọ́ títà tó wà nínú ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ₦30,000 ni. Tó bá jẹ́ ìdajì ọjà lẹ ń tà níbẹ̀, ẹ ṣì rí èrè ₦75,000, ẹ yọ owó àyè kúrò, ₦45,000 kù. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó dára ju òdo lọ, ohun tó sì ṣe pàtàkì jù ni pé àwọn oníbàárà yín ò ní í ti kọ́ ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíì. Ẹ lẹ bébà mọ́ ilẹ̀kùn, kẹ́ ẹ kọ ibi tẹ́ ẹ wà àti nọ́ńbà fóònù yín sí i gàdàgbà.

Ìgbà wo ló wá yẹ kéèyàn bẹ̀rẹ̀? Èrò ọ̀pọ̀ òbí ni pé ìgbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ ló dáa, nígbà táwọn ọmọ ò lọ síléèwé. A ò fara mọ́ ọn. Ìsinmi yẹn máa ń bẹ̀rẹ̀ níparí oṣù keje, ó sì máa ń wọ oṣù kẹsàn-án. Òjò oṣù keje ò tíì dá tán, ìsinmi òjò tó máa ń wáyé nínú oṣù kẹjọ ò ṣeé gbára lé, oṣù kẹsàn-án sì nìyẹn, òjò á tún bẹ̀rẹ̀. Èyí tó tún burú níbẹ̀ ni pé gbogbo ọmọ ló wà nílé látàárọ̀ ṣúlẹ̀, láàárín ìṣó àti símẹ́ǹtì. Láti oṣù kìn-ín-ní sí àárín oṣù kẹta, ilẹ̀ gbẹ, àwọn ọmọ sì wà nílé ìwé títí di ọ̀sán. Àsìkò yẹn la fara mọ́. Àbùkù ẹ̀ ni pé kò sówó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lóṣù kìn-ín-ní, ọdún ti ná an tán, owó iléèwé sì ti dé. Ìdí nìyẹn tá a fi ní kẹ́ ẹ ti máa tọ́jú ẹ̀ látoṣù kẹfà, oṣù keje. Ọyẹ́ náà tún máa ń mú kí símẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri tètè gbẹ, kó sì sán. Kí wọ́n máa wọ́n omi sí i, ó kéré tán fún ọjọ́ méje.

Àwa Ìjẹ̀bú tún ní tiwa lọ́tọ̀. Bí Iléyá bá ti ń bọ̀, tí Ojúde Ọba tó máa ń wáyé lọ́jọ́ kẹta ẹ̀ ń bọ̀, gbogbo èèyàn ló fẹ́ẹ́ kunlé kálejò tó dé láti Èkó. Ní 2024 àti 2025, oṣù kẹfà ni Iléyá bọ́ sí, nígbà tí òjò ń rọ̀ gan-an, ọdọọdún ló sì ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá yá ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Lásìkò yẹn, ẹ ò ní í rí akunlé tí ò ní iṣẹ́ mẹ́ta lọ́wọ́, owó tí wọ́n sì máa bù fún yín kì í ṣe kékeré. Ẹ jẹ́ kí àlejò bá ilé bó ṣe wà lọ́dún yẹn.

Ẹ lè máa ra nǹkan sílẹ̀ kó tó dìgbà náà o, ṣùgbọ́n ẹ mọ èyí tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ rà. Páànù, ìṣó àti ilẹ̀kùn ò ní í bàjẹ́ tẹ́ ẹ bá tọ́jú wọn síbi tó gbẹ. Pákó tiẹ̀ yẹ lẹ́ni tó ń tètè rà. Ìjẹ̀bú-Igbó tá a wà yìí ò jìnnà sígbó ọba Omo, ibi tí wọ́n ti gbin igi mẹ̀láínà lọ rẹpẹtẹ kó lè máa di ìwé nílé iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ sí Iwopin. Ìwé ò jáde níbẹ̀ bí wọ́n ṣe rò ó, ṣùgbọ́n igi ò ṣòfò, pákó ló ń dì. Nítorí pé pákó sún mọ́ wa, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń rà á ní tútù níbi tí wọ́n ti là á, tí wọ́n gbé e sórí ilé lọ́jọ́ kejì. Bó bá ṣe ń gbẹ lórí ilé ló máa ń tẹ̀, tí páànù á ṣí, tí omi á tún bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Ẹ rà á sílẹ̀, ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan kí afẹ́fẹ́ lè máa gba ibẹ̀ kọjá, ẹ tò ó sábẹ́ ibòji, kó gbẹ dáadáa. Símẹ́ǹtì ni kẹ́ ẹ rà gbẹ̀yìn, torí ó máa ń gan tó bá ti pẹ́ nílẹ̀, pàápàá láwọn ìlú etí omi tí ilẹ̀ ibẹ̀ tutù.

Tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀, yàrá wo ni wọ́n á kọ́kọ́ ṣe? Àṣà wa ni pé pálọ̀ la máa ń sáré sí, nítorí àlejò. Ẹ jọ̀ọ́, yàrá táwọn ọmọ ń sùn ni kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe parí pátápátá, tòun ti ilẹ̀kùn tó ṣeé tì. Lẹ́yìn ìyẹn, bó ti wù kí iyókù ilé rí, ibì kan wà tí gbogbo yín lè wọ̀ lálẹ́ láìsí eruku, tí ìyá ọlọ́mọ lè jókòó fọ́mọ lọ́mú. Ọmọ tí ò bá sùn lóru ò ní í jẹ́ kí ìyá ẹ̀ sùn, ìyá tí ò bá sì sùn ò ní í lè ṣírò owó ọjà dáadáa lọ́jọ́ kejì. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n wó ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ pa pọ̀. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kan parí kí wọ́n tó fọwọ́ kan èkejì.

Tí wọ́n bá máa wó ilé ìdáná, ẹ ti gbé ààrò tàbí sítóòfù síbì kan tójò ò ní í pa á kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbọ́ ìdí ẹ̀. Èèyàn márùn-ún tó ń ra oúnjẹ ₦800 lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ₦8,000 ni. Fún ọjọ́ márùndínlógójì, ₦280,000 ni. Kódà tó bá jẹ́ pé ìdajì iye yẹn lẹ fi ń sebẹ̀ nílé tẹ́lẹ̀, ₦140,000 ló fi lé sí i. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó tí ìyá tá a sọ̀rọ̀ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan fi ra páànù.

Kíkó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà dáa, tí ibẹ̀ ò bá jìnnà síléèwé wọn. Àmọ́ ẹ má ṣe bí ẹni pé ọ̀fẹ́ ni. Ẹ kó oúnjẹ dání fún wọn, kẹ́ ẹ sì máa fowó ránṣẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kẹ́ ẹ kọ ọ́ mọ́ owó ilé. Màmá ò ní í béèrè, ṣùgbọ́n owó ọjà tiwọn náà ni wọ́n máa fi bọ́ wọn. Ọmọ tó ṣì ń mu ọmú kò ṣeé kó lọ ní tiẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi di dandan kí yàrá kan ti parí.

Ká wá sọ̀rọ̀ ewu, torí ẹ̀ka yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fojú kéré. Eruku ni àkọ́kọ́. Nínú ilé tó ti pẹ́, òjé máa ń wà nínú ọ̀dà tí wọ́n fi kun ilẹ̀kùn àti fèrèsé láyé ìjọ́un. Tí akunlé bá gbé sáńpépà, tó ń ha á ní gbígbẹ, òjé yẹn á di eruku, á bà sórí ẹní, sórí nǹkan ìṣeré, ọmọ tó ń rákòrò á fọwọ́ kàn án, á ti ọwọ́ bọ ẹnu. Òjé kì í pariwo. Ọpọlọ ọmọ ló ń bà jẹ́, kò sì sí ìwọ̀n kan tí àjọ ìlera àgbáyé sọ pé kò léwu fọ́mọdé. Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Zamfara lọ́dún 2010, níbi tí òjé ti pa ọmọ tó lé ní irínwó. Ọ̀dà kọ́ ló fa tibẹ̀ o. Àwọn òbí wọn ló ń lọ òkúta tí wúrà wà nínú ẹ̀ nínú agbo ilé, wọn ò mọ̀ pé òjé wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ló gbà wọ ara ọmọ: eruku, ọwọ́, ẹnu. Amẹ́ríkà ti fòfin de irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ nínú ilé láti 1978, láti 2010 sì ni wọ́n ti sọ pé oníṣẹ́ tó máa fọwọ́ kan ọ̀dà àtijọ́ nínú ilé téèyàn ń gbé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbàwé ẹ̀rí. Níbí, ìlànà tí àjọ NAFDAC gbé jáde ní 2021 sọ pé òjé inú ọ̀dà ò gbọ́dọ̀ ju apá 90 nínú mílíọ̀nù kan lọ. Ìyẹn fún ọ̀dà tuntun. Èyí tó ti wà lára ilẹ̀kùn bàbá yín láti ogójì ọdún sẹ́yìn, ẹ̀yin lẹ máa ṣọ́ra fún un.

Kò sì le. Kí wọ́n fi omi rin ibi tí wọ́n bá fẹ́ẹ́ ha, kí wọ́n ha á ní tútù, kí wọ́n tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀ láti gba ohun tó bá ń já bọ́. Ẹ má fi ọwọ̀ gbá a ní gbígbẹ, aṣọ tútù ni kẹ́ ẹ fi nù ún. Kẹ́ ẹ sì máa fọ ọwọ́ àwọn ọmọ pẹ̀lú ọṣẹ kí wọ́n tó jẹun, lójoojúmọ́.

Àwọn páálí àjà àti òrùlé olókùúta kan tún wà láyé ọjọ́un tó jẹ́ pé asbestos ni wọ́n fi ṣe wọ́n. Tẹ́ ẹ bá ń gbé pẹ̀lú wọn tí wọn ò fọ́, kò síṣòro tó bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá fi òòlù fọ́ ọ ni fọ́nrán inú ẹ̀ tójú ò lè rí á fò sínú afẹ́fẹ́, téèyàn á fà á símú, tí àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró lè tìdí ẹ̀ yọ lẹ́yìn ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún. Tẹ́ ẹ bá fura pé irú ẹ̀ lẹ ní, kí àwọn ọmọ má sí nílé lọ́jọ́ tí wọ́n máa yọ ọ́, kí àwọn òṣìṣẹ́ bo imú, kí wọ́n rin ín lómi, kí wọ́n tú u lódindi, kí wọ́n sì rì í mọ́lẹ̀ níbi tó jìnnà sí kànga. A ti rí ibi táwọn ọmọ ti ń fi àfọ́kù ẹ̀ kọ nǹkan sílẹ̀ bíi ẹfun.

Kẹrosíìnì àti oògùn tí wọ́n fi ń po ọ̀dà tẹ̀ lé e. Àwọn akunlé wa fẹ́ràn kí wọ́n máa rọ ọ́ sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ọmọ ọdún mẹ́ta tóùngbẹ ń gbẹ mọ ìgò yẹn dáadáa, àgàgà ọmọ ẹni tó ń tà á. Ẹ kìlọ̀ fún wọn láti ọjọ́ àkọ́kọ́ pé ẹ ò fẹ́ ẹ. Bó bá wá ṣẹlẹ̀, ẹ má fún ọmọ ní epo pupa, ẹ má fi ìka sí i lọ́fun kó lè bì. Tó bá bì, kẹrosíìnì lè gba ẹ̀dọ̀fóró lọ, ìyẹn ló sì máa ń pa ọmọ jù. Ẹ gbé e lọ sọ́sibítù lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ mú ìgò náà dání.

Símẹ́ǹtì tútù máa ń jó àwọ̀ ara, bó ti wù kó rí bí ẹrẹ̀ lásán. Ọmọ tó bá fi ṣeré, ẹ tètè da omi púpọ̀ sí i lára, ẹ bọ́ aṣọ ẹ̀, tó bá sì kó sí i lójú, ẹ máa da omi mímọ́ sí i bẹ́ ẹ ṣe ń lọ sílé ìwòsàn. Dúrọ́ọ̀mù omi táwọn bíríkìlà fi ń po nǹkan gbọ́dọ̀ ní ìdérí. Báàfù tómi inú ẹ̀ ò ju àtẹ́lẹwọ́ àgbà lọ tó ọmọ ọdún kan láti kú sí. Kòtò ṣalangá tuntun náà, kí wọ́n má fi í sílẹ̀ lóru láìfi pákó tó nípọn bò ó. Tí wọ́n bá sì ti já iná ilé torí iṣẹ́, ẹ má gbé jẹnẹrétọ̀ sí fàráńdà tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yàrá tẹ́ ẹ há sí.

Ti ìṣó, ẹ yẹ káàdì àjẹsára àwọn ọmọ wò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gbà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá àti ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá wà lára ohun tó ń dáàbò bò wọ́n lọ́wọ́ àrùn ipá. Èyí tí wọ́n bá fò, ẹ lọ gbà á ní ilé ìwòsàn ìjọba, ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Àgọ́-Ìwòyè, tẹ́ ẹ fẹ́ẹ́ sọ yàrá méjì di èyí tó ní ilé ìwẹ̀ tiẹ̀ fáwọn akẹ́kọ̀ọ́, ẹ ṣírò ọdún tó máa fi dá owó yín padà. Ká ní ₦900,000 lẹ ná, tí yàrá kọ̀ọ̀kan sì ń mú ₦150,000 wá lọ́dún, ọdún mẹ́ta gbáko ni, tí akẹ́kọ̀ọ́ bá wà níbẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Gbogbo wa la rántí oṣù kẹta 2020, nígbà tí wọ́n ti gbogbo iléèwé nítorí àrùn Kòrónà. Títí ọdún mẹ́ta yẹn, inú yàrá tó kù ni gbogbo ìdílé máa fún ara wọn mọ́. Ẹ wò ó bóyá ẹ lè fara dà á kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe nígbà tí ọmọ kẹta bá ti dé. Ká ní a mọ ẹni tó ń béèrè ìmọ̀ràn wa ni, yàrá kan la máa ní kó kọ́kọ́ ṣe.

Ti ará Ogun Waterside yàtọ̀. Ọ̀nà jìn, owó ọkọ̀ tàbí ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé símẹ́ǹtì wá lè sọ iye gbogbo iṣẹ́ náà dà, nítorí náà, ẹ ṣírò ẹ̀ mọ́ ọn látìbẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì pa pọ̀ mọ́ aládùúgbò tóun náà fẹ́ẹ́ ṣiṣẹ́ láti kó o lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Yanrìn etí òkun pọ̀ níbẹ̀, kò sì wọ́n, ṣùgbọ́n iyọ̀ tó wà nínú ẹ̀ máa ń jẹ irin inú kọnkéré. Yanrìn odò tómi ẹ̀ ò níyọ̀ ni kẹ́ ẹ rà, bó bá tiẹ̀ wọ́n díẹ̀. Fún àwọn tó ń yan ẹja, ẹ kọ́ ààrò tuntun parí kí wọ́n tó fọwọ́ kan ti àtijọ́. Ẹni tó dá iṣẹ́ ẹja yíyan dúró fún oṣù kan, àwọn tó ń wá kó o láti Ìjẹ̀bú-Òde àti Ẹ̀pẹ́ ti lè rí ẹlòmíì.

Ó ku àdéhùn pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà ní kọ́ńgílá máa ń yá ju ti ojúmọ́ lọ, ṣùgbọ́n wọ́n lè fi ìkánjú bà á jẹ́. Ti ojúmọ́ máa ń dáa, ṣùgbọ́n kì í tán bọ̀rọ̀. Ní tiwa, kọ́ńgílá tí wọ́n pín sí ìpele la fara mọ́: ẹ san díẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ san òmíì tí yàrá àwọn ọmọ bá parí, ẹ san òmíì tí òrùlé bá dé, ẹ sì mú díẹ̀ dání. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ jọ fọwọ́ sí i. Kẹ́ ẹ kọ nǹkan mẹ́ta mìíràn tẹ́nikẹ́ni kì í kọ síbẹ̀: ẹni tó máa palẹ̀ mọ́ lójoojúmọ́, aago tí iṣẹ́ máa dúró káwọn ọmọ tó ti iléèwé dé, àti pé kí wọ́n gbé àkàbà sùn sílẹ̀ tí wọ́n bá ń lọ. Ẹ̀yin bíríkìlà, káfíńtà àti akunlé tẹ́ ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí náà, ẹ má bínú sí ìyá tó bá ní kẹ́ ẹ fọwọ́ sí irú ẹ̀. Òun ló máa júwe yín fún gbogbo obìnrin tó wà nínú èésú ẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá sì ní àwọn ti parí, kẹ́ ẹ tó kó àwọn ọmọ wálé, ẹ wá irin òòfà inú spíkà rédíò tó ti bàjẹ́, ẹ so okùn mọ́ ọn, kẹ́ ẹ fà á yí gbogbo àyíká ilé ká, dé abẹ́ fèrèsé, dé ojú ọ̀nà kànga. Ìṣó tó máa lẹ̀ mọ́ ọn á yà yín lẹ́nu. Ẹ fà á lẹ́ẹ̀kejì, títí tí kò fi ní í mú nǹkan kan bọ̀ mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni kẹ́ ẹ wá kó owó tó kù fún káfíńtà.